Ìjàpá tó ń ké ṣùgbọ́n tí kò fà mọ́

Nínú ìlú Ìjẹ̀bú-Òde, Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n ti fi kabúrétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn) Weber méjì sí á máa lọ wẹ́rẹ́. Kó dé títì tó lọ sí Ṣágámù, kí ẹ tẹ epo mọ́lẹ̀, ariwo á pọ̀, agbára ò sí. Jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kabúrétọ̀, ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á kọ́kọ́ fẹ́ pààrọ̀. Ẹ má gbà fún wọn. Bí ọkọ̀ ṣe ń rọ ló máa sọ ibi tí àìsàn wà.

Ẹ wá ibi tó tẹ́jú tí kò sí ọkọ̀. Ẹ wà á ní gíà kejì, ẹ tẹ epo dé ìsàlẹ̀ títí rẹ́ẹ̀fù (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) á fi dé 4500. Eré rẹ̀ ò ní ju nǹkan bí 60 kìlómítà ní wákàtí lọ. Bó bá ń gé ní ojú kan náà ní gbogbo ìgbà, iná pulọ́ọ̀gì tàbí fáàfù (ìlẹ̀kùn kékeré tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí) ni. Bí gíà kejì bá dára, tó jẹ́ pé ó pẹ́ díẹ̀ ní gíà kẹta kó tó rọ, tó sì ń sọjí bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ sókè, epo ni kò tó. Bí kò bá gé rárá, tó kàn wúwo, ẹ́ńjìnnì ò mí dáadáa ni.

Kí ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan tẹ epo mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ẹlòmíràn yọjú sínú kabúrétọ̀ méjèèjì. Abala irin pẹlẹbẹ tó ń ṣí inú wọn gbọ́dọ̀ nàró ṣánṣán. Ìgbà púpọ̀ ni tòsì á ti ṣí tán tí tọ̀tún ṣì dágẹ̀ẹ́rẹ́, nítorí irin tó so wọ́n pọ̀ ti yẹ̀. Ẹ tún un so, ìṣòro lè parí síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ epo, gbàrà tó bá rọ, ẹ ṣí ìdérí tàǹkì. Bó bá fa atẹ́gùn ṣíìì, ihò ìmí rẹ̀ ló dí. Ẹ yọ fíítà (asẹ́ epo), ẹ da èyí tó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn sórí aṣọ funfun: ẹrẹ̀ pupa bíi yẹ̀pẹ̀ jẹ́ ìpẹtà tàǹkì, fíítà tuntun nìkan ò ní wò ó. Bí pọ́ǹbù bá jẹ́ oníná, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ darí họ́ọ̀sì epo sínú ike, kí pọ́ǹbù ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnnì tó ní agbára ẹṣin 75 ń jẹ nǹkan bí 400 mílílítà ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fẹ́ rí tó lítà kan. Weber ò fẹ́ kí ipá tí pọ́ǹbù fi ń ti epo ju 3 psi lọ.

Tó bá jẹ́ iná, àlàfo kọ́ńtáàtì (irin kékeré tó ń já iná tó sì ń so ó) jẹ́ 0.4 mílímítà, ti pulọ́ọ̀gì 0.6 sí 0.7. Kọ́ńtáàtì tí sípíríǹgì rẹ̀ ti rọ máa ń fò bí rẹ́ẹ̀fù bá ga, iná á sì pòórá. Ẹ fi iná táímìn (tó ń fi ìgbà tí pulọ́ọ̀gì ń ta iná hàn) wò ó lókè rẹ́ẹ̀fù 3500: ó yẹ kó wà láàárín 28 sí 32 dígírì. Bí kò bá kúrò lójú tó wà tẹ́lẹ̀, irin inú dísítíríbútọ̀ (ohun tó ń pín iná fún pulọ́ọ̀gì) ti gán.

Àlàfo fáàfù: 0.15 mílímítà, ní tútù. Sípíríǹgì fáàfù tó bá ilé-iṣẹ́ wá ò lè tẹ̀lé káàmù (irin tó ń ṣí fáàfù) ńlá lókè rẹ́ẹ̀fù 5000. Ẹ fi onílọ́po-méjì sí i.

Ìgbà yìí ni jẹ́ẹ̀tì kàn. Ẹ sáré ní gíà kẹta, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ pa iná láìfa kọ́kọ́rọ́ yọ, kí ọkọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ẹ yọ pulọ́ọ̀gì wò. Pulọ́ọ̀gì tó funfun ń fẹ́ jẹ́ẹ̀tì tí nọ́ńbà ara rẹ̀ fi 5 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má sì tún sá a kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀, pístìn lè lu. Dúdú onísúútù ń fẹ́ èyí tó fi 5 kéré.