Bí Mo Ṣe Ń Ka Ìwé Ìtàn Ìpànìyàn Tó Wáyé Lórí Ilẹ̀ Navajo

Ẹ mú bébà àti bíró sọ́dọ̀ kí ẹ tó ṣí ìwé náà. Àwa mẹ́rin la máa ń kà á pọ̀ nílé mi ní Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé, bébà yìí ni kì í jẹ́ ká sọnù.

Ibi tí òkú wà ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ilẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ fún àwọn Navajo, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ inú ìpínlẹ̀ mẹ́ta: Arizona, New Mexico àti Utah. Bí ọmọ onílẹ̀ bá pààyàn níbẹ̀, FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, ló ń bọ̀, nítorí òfin 1885. Bí àlejò, ìyẹn ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀, bá pa àlejò, ìpínlẹ̀ ló ni ẹjọ́. Láti 1978 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti sọ pé ilé ẹjọ́ onílẹ̀ kò lè dá àlejò lẹ́jọ́ ọ̀daràn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni òfin ṣí padà fún wọn láti 2013. Ó ń dùn mí gan-an. Ọlọ́pàá tó mọ ìyá olóògbé lè mọ apààyàn, kó má sì lè gbé e lọ síwájú adájọ́ tiwọn.

Ẹ wá ya ìlà ẹbí. Ìdílé ìyá ni ọmọ Navajo ń jẹ́; òun ló máa kọ́kọ́ dárúkọ tó bá ń sọ ẹni tó jẹ́, kó tó kan ti bàbá. Àwọn méjì tí wọn ò rí ara wọn rí, tí ìdílé ìyá wọn bá jẹ́ ọ̀kan, ọmọ ìyá ni wọ́n, wọn ò gbọ́dọ̀ fẹ́ra. Ẹ má fo ibẹ̀ o! Ibẹ̀ la ti máa ń mọ ìdí tí ẹlẹ́rìí fi pa ẹnu mọ́.

Bí ẹ bá ka nípa hogan, ilé ìbílẹ̀ wọn, tí wọ́n dá ihò sí ògiri rẹ̀ ní apá àríwá, èèyàn ti kú síbẹ̀. Wọ́n á pa ilé náà tì.

Aago ló ń dá wa láàmú jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn Navajo ń sún aago síwájú ní wákàtí kan, Arizona kì í sún un. Àwọn Hopi, ẹ̀yà onílẹ̀ mìíràn tí ilẹ̀ Navajo yí ká, kì í sún un bákan náà. Ẹni tó kúrò ní Tuba City, lórí ilẹ̀ Navajo, ní aago mẹ́ta lè wà ní Flagstaff, ìlú Arizona tí kò sí lórí ilẹ̀ náà, ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bẹ́ẹ̀ ó wa ọkọ̀ ju wákàtí kan lọ. Ìyẹn ni àwọn tí wọ́n fura sí fi ń sọ pé àwọn ò sí níbi tí wọ́n ti pààyàn. Ẹ kọ N tàbí A sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo aago tí ẹ bá rí.