Bẹ́ ẹ ṣe lè fi amọ̀ àti tíréè kọ́ ọmọ ní ìtàn Fernando Po

Àwọn ọmọ tó ń wá sí lẹ́sìnnì lọ́dọ̀ mi l'Òṣogbo níbí, tí mo bá ti tẹ́ máàpù báyìí oorun á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wọ́n, bí mo ṣe pa máàpù tì nìyẹn tí mo gba amọ̀ mú. Erékùṣù tá a máa ń mọ jù ni Fernando Po, tí wọ́n ń pè ní Bioko báyìí, ti Equatorial Guinea, ibi tí Malabo wà. Tẹ́ ẹ bá ní bàbá àgbà tó ṣiṣẹ́ ní Calabar rí, ó lè jẹ́ "Panya" lòun máa pè é.

Ẹ wá tíréè ńlá tó jìn díẹ̀, àti amọ̀ gidi lọ́dọ̀ àwọn tó ń mọ ìkòkò. Ẹ má lo iyẹ̀pẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé o, mo ti dán an wò, kí n tó yíjú padà gbogbo òkè ti di ẹrẹ̀.

Sẹ̀ǹtímítà 1 dúró fún kìlómítà 2. Erékùṣù yẹn gùn tó nǹkan bí kìlómítà 70, ó fẹ̀ tó 32, torí náà amọ̀ yín á gùn ní 35, á fẹ̀ ní 16, kó dagun díẹ̀ láti àríwá ìlà oòrùn sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Tí tíréè yín bá kéré, ẹ pín gbogbo ẹ̀ sí méjì. Òkè oníná mẹ́ta ló para pọ̀ di ilẹ̀ yẹn: Pico Basilé ní àríwá, tó ga ju mítà 3,000 lọ, tó sì yọ iná gbẹ̀yìn ní 1923, Pico Biao àti Gran Caldera de Luba ní gúúsù. Ti Luba yẹn, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí ẹ̀ wọlé kó dà bí abọ́, torí orí òkè náà ti jìn wọnú. Ẹ jẹ́ kí òkè ga ju bí rúlà ṣe sọ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní rí nǹkan kan.

Ibi tó dùn jù rèé. Ẹ fi amọ̀ ṣe etí Cameroon sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kó jìnnà sí erékùṣù ní sẹ̀ǹtímítà 16, kẹ́ ẹ wá tẹ́ amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín wọn. Ẹ bu omi sí i títí tó fi bo àárín yẹn, erékùṣù dé! Ẹ wá máa bu omi kúrò díẹ̀díẹ̀, kí àwọn ọmọ máa wò ó, ilẹ̀ á yọ, Bioko àti Cameroon á di ọ̀kan. Bó ṣe wà gan-an nìyẹn ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kí yìnyín ayé tó yọ́ tí òkun fi kún. São Tomé, erékùṣù mìíràn lápá ibẹ̀, ò rí bẹ́ẹ̀ o, òkun tiẹ̀ jìn jù.

Fún òjò, ẹ lu ihò sí ìdérí ike omi, kẹ́ ẹ wọ́n ọn láti gúúsù. Atẹ́gùn òkun ń kọlu òkè níbẹ̀, ìyẹn ni Ureka, abúlé kan ní gúúsù erékùṣù náà, fi ń rí nǹkan bí mìlímítà 10,000 lọ́dún, t'Òṣogbo ò tó ìdá márùn-ún ẹ̀.

Ìtàn ńkọ́? Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí 1472 tí Fernão do Pó, ará Potogí, débẹ̀, wọ́n á sùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí Èkó 1851, ìjà Kòsọ́kọ́ àti Akítóyè, kẹ́ ẹ wá bi wọ́n pé ibo ni Beecroft, kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì tó dá sí ìjà náà, ti wá? Fernando Po ni ilé ẹ̀! Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìlú Clarence, tó di Malabo, dó síbẹ̀ ní 1827 láti máa gbógun ti ọkọ̀ ẹrú, bẹ́ẹ̀ Sípéènì ló ni ilẹ̀, Potogí ti fi lé wọn lọ́wọ́ ní 1778. Àwọn Bubi tó ti ń gbé bẹ̀ tipẹ́, ta ló bi wọ́n léèrè?

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé kòkó kan sórí amọ̀. Ibẹ̀ ni Tetteh Quarshie ti gbé kóró kòkó wá sí Gánà ní 1879. Oko kòkó yẹn náà ló gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà, pàápàá Ìgbò àti Ibibio, lọ síbẹ̀, àdéhùn wà lórí ẹ̀ láti 1942. Equatorial Guinea gba òmìnira ní 1968, ìyà wá pọ̀ lábẹ́ Macías Nguema, ààrẹ wọn àkọ́kọ́, ìjọba wa sì lọ kó àwọn èèyàn wa wálé ní 1975 sí 1976.

Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ da omi nù, kẹ́ ẹ di amọ̀ sínú náílọ̀n kó má gan, a ṣì máa fi mọ Annobón, erékùṣù Equatorial Guinea mìíràn, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.