Kíríkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ohun tó yẹ kí òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mọ̀

Bí ọmọ yín bá ti ilé-ìwé dé tó ní òun fẹ́ gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé eré òyìnbó ni. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la mọ̀ jù nílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n pápá kíríkẹ́ẹ̀tì wà ní Tafawa Balewa Square l'Ékòó. Lóṣù kìíní ọdún 2025, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò tó 19 na New Zealand níbi Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé wọn ní Malaysia. Àmì méjì péré ni wọ́n fi ta wọ́n yọ, inú mi ṣì ń dùn sí i dòní.

Káúńtì 18, ìyẹn ikọ̀ àwọn agbègbè ńlá, ni òpó eré náà níbí. Ọdún 1890 ni ìdíje wọn, County Championship, bẹ̀rẹ̀. Durham ló dara pọ̀ kẹ́yìn, ní 1992. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ń gbá eré kan. Nígbà tí èrò ń dín kù ní pápá, wọ́n dá ìdíje ọlọ́jọ́ kan sílẹ̀ ní 1963, wọ́n sì dá Twenty20 sílẹ̀ ní 2003, èyí tó ń parí láàárín wákàtí mẹ́ta. The Hundred dé ní 2021: ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba bọ́ọ̀lù 100, tọkùnrin tobìnrin sì ń gbá a lọ́jọ́ kan náà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ kó ọmọ lọ wòran.

Ní ti ikọ̀ orílẹ̀-èdè, àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ní 1973, ọdún méjì kí tọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Àwọn ọkùnrin dúró di ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2019, ní Lord's, pápá kíríkẹ́ẹ̀tì kan ní London. Àwọn àti New Zealand ní àmì 241 dọ́gba. Wọ́n fi bọ́ọ̀lù mẹ́fà-mẹ́fà kún un, ó tún dọ́gba ní 15. Iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù kọjá ààlà pápá, 26 sí 17, ni wọ́n fi gbé ife fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Jofra Archer, ọmọ dúdú tí wọ́n bí ní Barbados, ló ju bọ́ọ̀lù mẹ́fà ìkẹyìn náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ilé-ìwé ni yóò bá yín ṣe é. Títí di 1962, ẹ̀ka ọ̀tọ̀ ni ọmọ olówó tí kì í gbowó iṣẹ́ wà, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń fi eré náà jẹun. Ojú àpá náà kò tíì jiná: ilé-ìwé olówó ńlá ló ní pápá àti olùkọ́, ilé-ìwé ìjọba púpọ̀ kò ní. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì na Australia ní 2005 tí gbogbo ìlú ń hó, eré Test, ìyẹn eré ọlọ́jọ́ márùn-ún láàárín orílẹ̀-èdè méjì, kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ lọ sí Sky, tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń sanwó fún. Ọmọ tálákà kò rí i wò mọ́, ó sì dùn mí. Ní 2023, ìgbìmọ̀ tí ECB, àjọ tó ń ṣàkóso eré náà, gbé kalẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti ìyàsọ́tọ̀ olówó sí mẹ̀kúnnù ti ta gbòǹgbò níbẹ̀. ECB tọrọ àforíjì.

Nítorí náà, kílọ́ọ̀bù àdúgbò ni kí ẹ lọ. All Stars wà fún ọmọ ọdún 5 sí 8, Dynamos fún ọdún 8 sí 11. Bọ́ọ̀lù rírọ̀ ni wọ́n ń lò. Bí ọmọ bá dé orí bọ́ọ̀lù líle, akoto di dandan. Ẹ béèrè bóyá kílọ́ọ̀bù lè yá yín ní ohun èlò kí ẹ tó náwó, nítorí ó wọ́n. Ẹ tún béèrè nípa ACE, ètò fún ọmọ dúdú tó bẹ̀rẹ̀ ní káúńtì Surrey ní 2020. Ebony Rainford-Brent, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó gbá fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló dá a sílẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó ni wọ́n ń gbá a, nítorí náà kí oṣù kẹrin tó parí ni kí ẹ ti forúkọ ọmọ sílẹ̀.