Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Díwọ̀n Iṣẹ́ Aṣòfin Lórí Owó-Orí àti Ọ̀wọ́ngógó

Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ owó-orí tàbí ọ̀wọ́ngógó ọjà bá délẹ̀ ní Ilé Aṣòfin Àgbà tàbí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, fọ́nrán ọ̀rọ̀ aṣòfin kan kì í pẹ́ gba orí ẹ̀rọ ayélujára, àwọn ará agbègbè rẹ̀ a sì máa pín in kiri pé ọmọ àwa ló sọ̀rọ̀ akin yìí. Àṣìṣe tó burú jù lọ nìyẹn: kí á fi bí ohùn ṣe lọ sókè tó díwọ̀n iṣẹ́ tí a rán aṣòfin. Ọ̀rọ̀ tó kún fún ìkáàánú mẹ̀kúnnù, àmọ́ tí kò mẹ́nu ba abala kan ṣoṣo nínú àbádòfin tó wà níwájú ilé, tí kò sì sọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi rọ́pò èyí tí kò dára, kò lè dín kọ́bọ̀ kù nínú ohun tí ẹnikẹ́ni ń san.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó-orí ọjà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní VAT. Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni, kí ó tó di ìdá 7.5 ní oṣù Kejì ọdún 2020. Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi àbádòfin mẹ́rin lórí àtúntò owó-orí ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó wà nínú rẹ̀ pé kí VAT di ìdá 10, kí ó sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ìdá 15 ní ọdún 2030. Ṣùgbọ́n nínú òfin tí Ààrẹ buwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìdá 7.5 náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ariwo inú gbọ̀ngàn kọ́ ló fa ìyàtọ̀ yìí. Àwọn gómìnà ti fẹnu kò ní oṣù Kìíní ọdún 2025 pé kí wọ́n má ṣe fi kún un, ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó gba èrò àwọn ènìyàn níbi ìpàdé ìtagbangba, wọ́n tún abala náà kọ, ilé sì gbé e yẹ̀ wò ní abala-abala kí ó tó fọwọ́ sí i. Nítorí náà, bí aṣòfin kan bá wá sọ fún yín pé òun nìkan ló dá VAT dúró, ẹ má ṣe gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í léèrè bóyá ó wà nínú ìgbìmọ̀ náà, àti àtúnṣe wo ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Àṣìṣe kejì, ìyẹn kí á ka ìjà lórí bí ìjọba yóò ṣe pín owó-orí mọ́ ìjà lórí iye tí ará ìlú yóò san, farasin ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì tan ọ̀pọ̀ olóye jẹ nígbà ìjíròrò náà. Èyí tó gbóná jù nínú àríyànjiyàn ọdún 2024 sí 2025 ni bí àwọn ìpínlẹ̀ yóò ṣe pín owó VAT láàárín ara wọn. Àbádòfin ìjọba fẹ́ kí ìdá 60 nínú ìpín wọn lọ sí ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti lo ọjà. Àwọn gómìnà Àríwá kọ̀ jálẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n fẹnu kò sí ìdá 50 lọ́gbọọgba fún gbogbo ìpínlẹ̀, ìdá 20 ní ìbámu pẹ̀lú iye ènìyàn, àti ìdá 30 fún ibi tí wọ́n ti lo ọjà. Àwọn aṣòfin láti gbogbo ẹkùn sọ̀rọ̀ kíkankíkan lórí èyí, ọ̀pọ̀ olùgbọ́ sì gbà pé ìyà ará ìlú ni wọ́n ń jà fún. Ọ̀ràn pàtàkì ni, nítorí pé inú owó yẹn ni ìpínlẹ̀ ti ń san owó oṣù. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ìjọba ń gbà pín owó kò yí iye tí obìnrin tó wọ ọjà yóò san padà rárá. Kí á má ṣe ka ìjà lórí pípín mọ́ ìjà lórí gbígbà. Aṣòfin lè ṣe dáadáa nínú èkíní, kí ó má tilẹ̀ la ẹnu rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé orí èkejì.

Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àbá lórí ọ̀wọ́ngógó ti pọ̀ níwájú ilé méjèèjì, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe mìíràn ti ń wọlé. Àbá tí ilé fọwọ́ sí kì í ṣe òfin. Ìmọ̀ràn ni ìpinnu bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún ìjọba. Kò de Ààrẹ lọ́wọ́, kò sì di dandan fún mínísítà kankan láti tẹ̀lé e. Bí ìròyìn bá kọ ọ́ pé aṣòfin yín ti mú kí ilé “pàṣẹ” pé kí owó ọjà kan wálẹ̀, ẹ má ṣe jó ayọ̀ rẹ̀. Ẹ fi wé owó oṣù tó kéré jù lọ, ₦70,000: òfin ni ìyẹn, Ààrẹ buwọ́ lù ú ní oṣù Keje ọdún 2024, agbanisíṣẹ́ tó bá sì tẹ̀ ẹ́ lójú lè rí ìjà òfin. Kò túmọ̀ sí pé àbá kò wúlò. Ilé sábà máa ń ní kí ìgbìmọ̀ kan ṣèwádìí kí ó sì padà wá jábọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwé òfin ọdún 1999 sì fún wọn lágbára láti pe ẹnikẹ́ni wá síwájú wọn. Ohun tí a kì í ṣe ni kí á béèrè àbọ̀ náà bí ọjọ́ bá ti pé.

Bákan náà, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ tí aṣòfin sọ nígbà kíkà kejì àbádòfin sọ pé ó fara mọ́ gbogbo ohun tó wà nínú òfin. Ìpìlẹ̀ àbádòfin nìkan ni wọ́n ń jíròrò ní ìpele yẹn. Ẹ má sì ṣe sọ pé “ó dìbò fún un” láìní ẹ̀rí. Ohùn ni wọ́n sábà fi ń dìbò: àwọn kan á ké pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan á ké pé bẹ́ẹ̀ kọ́, Abẹnugan á fi òòlù lu tábìlì, ó parí. Orúkọ ẹnikẹ́ni kì í wọ inú àkọsílẹ̀, àfi bí wọ́n bá béèrè pé kí wọ́n ka ìbò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Iye owó náà ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Bí aṣòfin bá sọ pé ẹni tí kò rí ju ₦800,000 lọ kò ní san owó-orí lórí owó tó ń wọlé fún un lábẹ́ òfin tuntun, owó ọdún kan ló ń wí, kì í ṣe ti oṣù. Ẹni tó ń gba ₦70,000 lóṣù ń gba ₦840,000 lọ́dún, ó sì lè dà bíi pé òfin ti mú un. Ṣùgbọ́n abala mìíràn yọ àwọn tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò. Ẹni tó bá ka abala kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ aṣòfin, yóò ṣi ará ìlú lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni “mẹ̀kúnnù kò ní san owó-orí mọ́” kì í ṣe òótọ́ pátápátá: kò sí VAT lórí oúnjẹ tó ṣe kókó, oògùn àti owó ilé-ìwé, àmọ́ ó wà lórí fóònù àti owó ìpè.

Owó tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà kò sí lára ohun tí VAT kàn. Ẹ gbé ẹjọ́ ìyẹn lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó dá aṣòfin Àbújá lẹ́bi.

Àṣìṣe tó kẹ́yìn ni láti pa ìwé dé ní ọjọ́ tí Ààrẹ bá buwọ́ lu òfin. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, nígbà tó ku díẹ̀ kí òfin owó-orí tuntun náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, ọmọ Ilé Aṣojú-ṣòfin kan dìde pé ohun tí ìjọba tẹ̀ jáde kò bá ohun tí ilé fọwọ́ sí mu, ilé sì gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti yẹ ẹ̀sùn náà wò. Ohun tó ṣe kò ju pé ó fi ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó sì kà wọ́n. Mo ka ìyẹn sí ọ̀kan lára iṣẹ́ tó níye lórí jù lọ nínú gbogbo ìjíròrò náà, ẹnikẹ́ni tó bá sì rí àkọsílẹ̀ ìjókòó ilé àti òfin tí a tẹ̀ jáde gbà lè ṣe irú rẹ̀ lórí abala tó bá kàn án.