Ẹ Pa Iná Kẹ́ Ẹ Tó Dà Á Sí I: Bí Mo Ṣe Ń Fi Cheddar Se Oúnjẹ fún Àwọn Ará Ilé

Wàrà ni mo mọ̀ láti kékeré. Nílé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́, àwọn obìnrin Fúlàní ló máa ń gbé e wá nínú igbá, màmá mi á rà á, á dín in nínú òróró, á wá dà á sínú ọbẹ̀ ata tó ń hó, wàrà yẹn ò ní yọ́, ò sì ní tú, bó ṣe wọlé náà lẹ máa bá a. Nígbà tí mo wá dé London tí mo rí cheddar, mo ní wàrà òyìnbó ṣáà ni, mo bá gé odindi kan wẹ́wẹ́, mo dà á sínú ọbẹ̀ tó ń hó lórí iná. Kó tó tó ìṣẹ́jú 5, epo ti léfòó sókè, ìsàlẹ̀ ìkòkò ti di nǹkan tó ń fà bíi rọ́bà. Odindi ìkòkò ọbẹ̀ ló bà jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, owó ò sì pọ̀ lọ́wọ́ wa nígbà náà, ó dùn mí gan-an ni.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó fà á, torí tẹ́ ẹ bá ti mọ ìdí ẹ̀, irú ẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ sí yín. Ewé bọmubọmu ni wọ́n fi ń mú wàrà dì, orí iná ló sì ti ń dì, mílíìkì yẹn á gbóná dáadáa kó tó di wàrà, ìdí nìyẹn tí iná ò fi rí i yọ́ mọ́ tẹ́ ẹ bá ń dín in. Ti cheddar ò rí bẹ́ẹ̀. Mílíìkì tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á jẹ́ kó kan díẹ̀, wọ́n á fi rennet, èròjà tí wọ́n lè mú látinú ikùn ọmọ màlúù, mú un dì, wọ́n á fún omi ara ẹ̀ jáde, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á wá tọ́jú ẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ ló jẹ́ ọ̀rá. Tí ooru bá rọra kàn án, á yọ́, á rọ̀, á dán. Tí iná bá wá pọ̀ jù, ara ẹ̀ á sún kì, á ti ọ̀rá ẹ̀ jáde, ni epo á bá lọ sókè, rọ́bà á kù sísàlẹ̀. Ẹ pa iná kẹ́ ẹ tó dà á sí i. Ooru tó kù nínú ìkòkò ti tó o, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, orí ìyẹn ló dá lé.

Ọ̀rọ̀ rírà. Lára láílọ́ọ̀nù ẹ̀ ní ọjà níbí, ẹ máa rí nọ́ńbà, láti 1 lọ sókè, 1 ni mild tó tutù lẹ́nu, tí wọn ò tọ́jú ju bí oṣù 3 lọ, mature máa ń tó bí ọdún kan, vintage máa ń lé ní ọdún kan àbọ̀. Mature ni kẹ́ ẹ rà fún oúnjẹ sísè. Mild rọ̀ lówó lóòótọ́, àmọ́ ẹ máa dà á títí, oúnjẹ ò ní dùn, ẹ máa wá rí i pé ẹ ti lo ìlọ́po méjì. Vintage sì wà, ó ta lẹ́nu, ó dáa fún jíjẹ lásán pẹ̀lú ápù, ṣùgbọ́n bó bá ṣe pẹ́ tó ló ṣe ń tètè yọ epo lórí iná, torí náà mi ò kì í fi se ọbẹ̀ funfun, ìyẹn ọbẹ̀ mílíìkì tí mo máa ń pò mọ́ makaróònì. Èyí tó pupa bí ọsàn yẹn, àwọ̀ èso annatto lásán ni wọ́n fi sí i, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àwọ̀ gba owó lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Mùsùlùmí tàbí tẹ́ ò jẹ ẹran, ẹ yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò dáadáa, tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó bá àwọn vegetarian mu, kì í ṣe inú ẹran ni rennet ẹ̀ ti wá.

Orúkọ yẹn, abúlé ni o. Lọ́dún kan tí àwọn ọmọ gba ìsinmi a wa mọ́tò lọ sí Cheddar ní Somerset, ibi tí àpáta ti ga lápá ọ̀tún lápá òsì bíi pé ó fẹ́ pàdé lókè, wọ́n sì ń tọ́jú ṣíìsì sínú ihò àpáta níbẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi wé e, èéhù ti bo aṣọ yẹn, inú ihò sì tutù bákan náà lójoojúmọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n gé èyí tó ti dì bíi bíríkì, wọ́n tò ó léra wọn, wọ́n ń yí i, wọ́n tún ń tò ó, omi ń ṣàn jáde lábẹ́ ẹ̀, ìyẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní cheddaring. Ẹni tó ń ṣe é fọwọ́ fa ọ̀kan ya níwájú wa, ó ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí igẹ̀ adìẹ tó ti jinná. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣe cheddar lónìí, ní Ireland, ní New Zealand, ní Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má lo orúkọ yẹn, àmọ́ òfin dáàbò bo orúkọ West Country Farmhouse Cheddar, Somerset, Dorset, Devon àti Cornwall ló ti gbọ́dọ̀ wá. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ náwó kẹ́ ẹ tó lè se makaróònì. Èyí tí ọjà fi orúkọ ara ẹ̀ ṣe ti tó.

Ó yá, makaróònì. Tèmi nìyí fún ènìyàn 5: makaróònì gíráàmù 350, bọ́tà 50, fúláwà 50, mílíìkì mílílítà 700, cheddar gíráàmù 250, mọ́sítáàdì ṣíbí tíì kan, ata gígún bó bá ṣe wù yín. Ẹ kọ́kọ́ rin cheddar yín kẹ́ ẹ tó tan iná rárá, torí tó bá tó àkókò ẹ̀, ẹ ò ní ráyè rin ín mọ́. Tó bá ń lẹ̀ mọ́ gírétà, ẹ gbé e sí firísà fún ìṣẹ́jú 20. Èyí tí wọ́n ti bá yín rin sínú láílọ́ọ̀nù ńkọ́? Wọ́n fi ìyẹ̀fun pòtétò pa á lára kó má baà so pọ̀, ìyẹn kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ dán, ẹ wọ́n ọn sókè oúnjẹ tó bá ti wà nílé, ẹ má fi se ọbẹ̀ funfun.

Ẹ se makaróònì nínú omi oníyọ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú 2 ṣáájú ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀, kó ṣì le díẹ̀ láàárín, torí inú oven ló ti máa parí.

Ọbẹ̀ funfun ló ń fẹ́ sùúrù. Iná kékeré, ẹ yọ́ bọ́tà, ẹ da fúláwà sí i, ẹ máa rò ó fún bí ìṣẹ́jú 2, ẹ máa gbóòórùn bíi ti bisikíìtì, kò gbọdọ̀ pọ́n. Ẹ wá máa da mílíìkì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, díẹ̀díẹ̀ ni o. Ẹni tó bá mọ àmàlà rò, ó ti mọ bí kókó ṣe ń wọnú ẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni, èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà á ẹ rò ó títí tí gbogbo ẹ̀ á fi jọra kẹ́ ẹ tó da òmíì. Mo ti fi ìjábẹ̀ ewédú ṣe é rí nígbà tí mi ò ní whisk, ó sì ṣe é dáadáa, ẹ kàn fọ̀ ọ́ mọ́ kó má gbóòórùn ewédú. Tí mílíìkì bá tán, ẹ jẹ́ kó máa hó fẹ́ẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ ki ṣíbí onígi bọ̀ ọ́, ẹ fi ìka fa ìlà lẹ́yìn ṣíbí yẹn, tí ìlà bá dúró tí kò padé, ó ti ki tó.

Ẹ pa iná. Ẹ gbé ìkòkò kúrò lórí ojú iná pátápátá, torí iná oníná mànàmáná máa ń gbóná fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa á. Ẹ sinmi bí ìṣẹ́jú kan. Mọ́sítáàdì ló máa kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà cheddar, ẹ̀kúnwọ́ kan kẹ́ ẹ rò ó, kó yọ́ tán, ẹ̀kúnwọ́ míì, títí tẹ́ ẹ máa fi lo gíráàmù 200, kẹ́ ẹ fi 50 sílẹ̀ fún òkè. Ẹ máa rí i tó ń rọ̀ tó ń parẹ́ sínú ọbẹ̀, àwọ̀ ọbẹ̀ á sì máa yí díẹ̀díẹ̀ bíi ògì àgbàdo pupa. Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan iyọ̀, mi ò fi iyọ̀ sí i rí, mi ò sì fi Maggi sí i, cheddar ní iyọ̀ tiẹ̀ lára.

Tí epo bá ti ń yọ lójú yín, ẹ má gbé e padà sórí iná láé. Mílíìkì tútù bíi ṣíbí ọbẹ̀ 2, ẹ dà á sí i, ẹ fi agbára rò ó, ó máa ń padà sípò tí ò bá tíì pẹ́ jù.

Ẹ po makaróònì mọ́ ọn, ẹ dà á sínú àwo oven, ẹ wọ́n èyí tó kù sókè, oven 200, tó bá jẹ́ oníféènì 180, ìṣẹ́jú 20 sí 25, títí tí òkè ẹ̀ á fi pọ́n tí etí ẹ̀ á fi máa hó. Ẹ jẹ́ kó sinmi ìṣẹ́jú 10 kẹ́ ẹ tó bù ú, ooru ẹ̀ le, ó lè jó àwọn ọmọ lẹ́nu. Nílé wa, etí àwo tó ti gan yẹn ni wọ́n máa ń jà sí, mo ti wá ń lo àwo fẹ̀ǹfẹ̀ tí ò jìn kí etí lè pọ̀.

Ọjọ́ tí kò sáyè, ẹyin. Ẹ dín àlùbọ́sà, tòmátò àti ata rodo títí omi ẹ̀ á fi gbẹ, ẹ da ẹyin 4 sí i, tó bá kù díẹ̀ kó dì, ẹ pa iná, ẹ wọ́n cheddar gíráàmù 30 sí i, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú kan. Màmá mi tó ń sọ pé òun ò jẹ wàrà òyìnbó, èyí ló kọ́kọ́ jẹ nígbà tí wọ́n wá kí wa, wọ́n ní kí n bu díẹ̀ sí i.

Búrẹ́dì àti sàdíìnì nínú toaster náà ńkọ́, ẹ fi cheddar sẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì méjèèjì, kí sàdíìnì àti tòmátò wà láàárín, omi tòmátò ò ní rọ búrẹ́dì. Isu tó bá ṣẹ́kù látàná, ẹ gé e kó nípọn bí ìka, ẹ fi ata díndín tó ki sórí ẹ̀, cheddar sókè, ẹ tì í sábẹ́ grill bí ìṣẹ́jú 4. Ẹ má kúrò níbẹ̀ o, kì í pẹ́ jó. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ rírò àti ilá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí wàrà wa máa jẹ́ tibẹ̀, cheddar ò bá a mu lẹ́nu mi.

Àwọn ọmọ kéékèèké, láti oṣù 6 ni wọ́n ti lè máa jẹ ẹ́, èyí tí wọ́n fi mílíìkì tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú ẹ̀ (pasteurised) ṣe ni o. Iyọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Gíráàmù 30 ní iyọ̀ tó bí ìdajì gíráàmù, ọmọ ọdún 1 sí 3 ò sì gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ lóòjọ́ nínú gbogbo ohun tó jẹ, torí náà tí ọmọ bá jẹ cheddar láàárọ̀, mi ò kì í fún un ní sọ́séèjì lálẹ́. Ẹni tí mílíìkì máa ń da inú ẹ̀ rú, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ni, cheddar tó ti pẹ́ kì í sábà yọ ọ́ lẹ́nu, súgà inú mílíìkì ti bá omi lọ, èyí tó kù náà ti kan tán. Ẹ kàn fi mílíìkì tí ò ní lactose se ọbẹ̀ funfun yẹn fún un. Ọmọ tí ara ẹ̀ kọ mílíìkì gan-an, tó ń wú tàbí tó ń sú lára, ìyẹn yàtọ̀, ẹ má fún un rárá.

Tẹ́ ẹ bá ti já a, ẹ fi bébà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì wé e, ẹ wá tì í sínú ike, láílọ́ọ̀nù nìkan máa ń jẹ́ kó làágùn. Tí èéhù bá hù síbì kan lára èyí tí ẹ ò tíì rin, ẹ gé e yí èéhù yẹn ká, kó tó sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀, kí ọ̀bẹ má kan èéhù yẹn, ìyókù dáa. Èyí tí ẹ ti rin tó bá hù, ẹ dà á nù. Mo máa ń rin púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo máa ń kó o sí firísà, ó lè lo oṣù 3, ó sì ṣeé dà sórí oúnjẹ láìjẹ́ pé ẹ dúró kó yọ́.

Makaróònì tó bá kù, lọ́jọ́ kejì ẹ wọ́n mílíìkì ṣíbí 2 sí i, ẹ bò ó, ẹ fi microwave gbóná ẹ̀ ní ìdajì agbára, ẹ máa dá a dúró kẹ́ ẹ rò ó, títí tí gbogbo ẹ̀ á fi gbóná dáadáa. Èyí ni mo máa ń dì sínú fíláàsì fún ọmọ mi kékeré lọ sí school, òfìfo ló sì máa ń gbé e padà wálé.