Títún ilẹ̀ tí mẹkáníìkì ti lò ṣe kí a tó kọ́lé sí i
Bí ẹ bá ra ilẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ti lò rí ní Ìlọrin, ẹ má ṣe yára gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí àti ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ ó ti bu erùpẹ̀, lókè àti nísàlẹ̀, fún àyẹ̀wò. Erùpẹ̀ tó dúdú, tó ń rùn bí epo, tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, kì í parọ́. Ọ́ìlì lè jẹrà díẹ̀díẹ̀ bí a bá po ìgbẹ́ adìyẹ mọ́ ọn, tí a sì ń yí i kí atẹ́gùn lè wọlé. Ṣùgbọ́n òjé (lead) tó ń jáde láti inú bátìrì, tó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kì í jẹrà láéláé, àwọn tó ní ìwé àṣẹ ni kó wá kó o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ omi kànga wò pẹ̀lú, pàápàá nítòsí odò Àsà.