Inú Ọkọ̀ Àlòkù: Ẹ Kọ́kọ́ Wá Ibi Tí Omi Fara Pamọ́ Sí

Tí èèyàn bá ra ọkọ̀ àlòkù, òórùn ló sábà máa ń kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ọ̀pọ̀ á sáré ra lọ́fínńdà, wọ́n á so ó mọ́ dígí. Kò ní pẹ́ tí lọ́fínńdà àti òórùn á fi jọ máa rùn pọ̀. Omi tó há síbì kan ló sábà máa ń fa òórùn náà, òun sì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ẹ ká ẹní ẹsẹ̀ kúrò, kí ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Òkè rẹ̀ lè gbẹ dáadáa kí fóòmù abẹ́ rẹ̀ sì mu omi bíi kànìnkànìn. Bó bá tutù níwájú, tí omi náà mọ́ gaara, ó ṣeé ṣe kí ihò tí omi ẹ̀rọ amúlétutù ń gbà jáde ti dí. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn òjò ló ń tutù, ẹ yẹ róbà ẹnu ilẹ̀kùn wò, kí ẹ sì kó ewé kúrò nínú ihò abẹ́ dígí iwájú. Àmọ́ tí omi náà bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tí òórùn rẹ̀ dùn díẹ̀, omi rédíétọ̀ ni. Májèlé ni, ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ sì pe mẹkáníìkì.

Tí ẹ bá ti dí ibi tó ń jò, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ẹ tan fáànù sí i títí abẹ́ rẹ̀ á fi gbẹ. Ẹ pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ náà. Ẹ̀yìn àpótí kékeré tó wà níwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ló sábà máa ń wà.

Ẹ fi vákúùmù fa gbogbo iyanrìn kí omi tó kan ohunkóhun, torí iyanrìn tó bá pàdé omi ti di ẹrẹ̀ nìyẹn. Aṣọ ìjókòó kò fẹ́ omi púpọ̀. Mo ti da omi korobá sí ìjókòó rí. Ojú rẹ̀ mọ́, àmọ́ inú rẹ̀ bu. Fóòmù ọṣẹ nìkan ni kí ẹ fi bùrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ pa á, kí ẹ fi tówẹ̀lì tẹ̀ ẹ́, ẹ má nù ún. Láti etí àbàwọ́n ni kí ẹ ti máa bọ̀ wá sí àárín.

Sítíárìn tó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á kò gbó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá ọwọ́ ló wà lára rẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun tí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ rin nù ún. Aṣọ náà á di dúdú, ẹ yí i, ẹ tún nù. Tí àwọ̀ awọ fúnra rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá aṣọ lọ, ẹ dúró: ọ̀dà lẹ ń bó. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìpara awọ pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìpara tó ń mú dáṣíbọ́ọ̀dù dán kò gbọ̀dọ̀ kan sítíárìn tàbí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, kó má baà yọ̀ nígbà tí ẹ fẹ́ tẹ bíréèkì.

Aṣọ àjà tó ti já bọ́, gọ́ọ̀mù kì í mú un lórí fóòmù tó ti di ìyẹ̀fun. Ẹ yọ pátákó rẹ̀, ẹ ha gbogbo fóòmù náà kúrò, kí ẹ tó lẹ tuntun mọ́ ọn.

Wáyà aláwọ̀ òféfèé (yẹ́lò) abẹ́ ìjókòó, ti airbag ni, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń wú láti dáàbò bo èèyàn nígbà ìjàǹbá. Ẹ má fà á. Ẹni tó fẹ́ yọ ìjókòó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ bátìrì, kó sì dúró bí ìwé ìtọ́nisọ́nà ọkọ̀ náà ṣe ní kó dúró. Bílíìṣì ń jẹ okun bẹ́líìtì, ọṣẹ lásán ló tó o. Ẹ fà á jáde dé òpin, ẹ fi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ mú un níbẹ̀ kó má wọlé, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá wọlé ní tútù, inú àpótí rẹ̀ ló máa bu sí.